Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Kíláàsì Ẹ̀gbọ́n Mi Lè Ṣe

Lóòótọ́ ni mo gbá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé lábàrá. Ó dún pàá, ọ̀gá ilé-ìwé sì wò mí bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni mo nà. Ẹni tó bá wà nípò mi lọ́jọ́ Ajé yẹn, tí kò bá gbá a, á fi orí ara rẹ̀ sọ ògiri ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ̀rọ̀ náà kàn. Tísà ìṣirò ni. Obìnrin yìí lè fi ohùn lásán jí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn kíláàsì, kí ọmọ náà dìde, kó sì wá yanjú ìṣirò lójú pátákó kó tó rántí pé òun ń sùn tẹ́lẹ̀. Àfi bí àìsàn ṣe mú un lọ́fun. Àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, a sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohùn lọ. Tó bá lanu báyìí, èémí nìkan ló ń jáde.

Nígbà tára rẹ̀ yá, ó padà sílé-ìwé pẹ̀lú wàláà kékeré kan tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Ọ̀gá ilé-ìwé dì mọ́ ọn, ó bá a sunkún, lẹ́yìn náà ló wá ní kó lọ máa tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó kán àti pátákó àtijọ́ sí. "Tísà, ìsinmi ni mo fún yín," ló wí. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jiyàn. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbé wàláà sókè: "Wọ́n ti fi mí sáàárín àwọn àga tó kán." Háà! Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ kó jókòó ti ìdọ̀tí.

Ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Èmi àti ọkùnrin kan la jọ ń ṣe é nínú ọ́fíìsì kékeré kan lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Jẹ́jẹ́ là ń pe ọkùnrin náà, torí bí òrùlé bá ń jó, á kọ́kọ́ mu tíì rẹ̀ tán ná. Èmi ní tèmi, wọ́n ní bí wọ́n bá fi omi sí orí mi, á hó. A bára wa mu dáadáa. Èmi àti Jẹ́jẹ́ kó gbogbo ẹ̀kọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti gbà sílẹ̀ nígbà kan fáwọn ọmọ tí ara wọn ò yá, a sì fi ohùn inú rẹ̀ ṣe ètò kan. Ẹ̀gbọ́n mi á tẹ ọ̀rọ̀, ètò náà á sì fi ohùn rẹ̀ gan-an sọ ọ́, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn tí inú bá ń bí i. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní pálọ̀ mi, ó fọwọ́ bojú, kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́.

Mo mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá ní ó dáa. Lọ́jọ́bọ̀, kí ẹ̀gbọ́n mi wá kọ́ kíláàsì rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ kan lójú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Bó bá ṣe é, wọ́n á dá kíláàsì rẹ̀ padà fún un. Bí kò bá ṣe é, tísà tuntun tí wọ́n ti rí ni yóò gbà á, ó sì di gbére. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà nínú kíláàsì ló gbọ́dọ̀ lò, torí òun ni wọ́n so mọ́ gbohùngbohùn ara ògiri tí ohùn ń gbà jáde. Kọ̀ǹpútà àjèjì ò gbọ́dọ̀ fara kàn án. Ẹnì kan ti gbé àrùn kọ̀ǹpútà wọlé fún wọn rí, ojú wọn sì rí màbo.

Ìdí nìyí tá a fi lọ dán an wò lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá dúró, ó káwọ́ gbera. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ "Ẹ káàárọ̀." Ètò náà ṣí, ó ṣẹ́jú, ó kú. A tún un ṣí, ó tún kú. Ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ ti gbìyànjú." Ìgbà yẹn ni mo gbá a lábàrá.

Jẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó lè sọ̀rọ̀ lóhùn ènìyàn, ìṣirò rẹpẹtẹ ló gbọ́dọ̀ ṣe, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí à ń pè ní pùrósẹ́sọ̀, ló sì ń ṣe é. Àwọn ọpọlọ tuntun ní agbára kan tí wọ́n fi ń kó ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fi tíréè ńlá kó gbogbo ife orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ọpọlọ àtijọ́ ò ní tíréè yẹn. Bí o bá sì pàṣẹ fún ọpọlọ tí kò ní in pé kó fi tíréè kó ẹrù, kò ní bá ọ jiyàn, kò sì ní ṣàlàyé. Á kàn dá ètò rẹ dúró gbì.

"Ṣùgbọ́n tuntun ni kọ̀ǹpútà yìí," ni mo wí. "Wo ara rẹ̀ bó ṣe ń dán."

"Ara rẹ̀ lo rí," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ṣé o rí inú rẹ̀ ni?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà yẹn fún wọn ti lè ki ọpọlọ àtijọ́ sínú àpótí tuntun, kó lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn, kó máa lọ sílé rẹ̀. Kò sí ohun tá a lè ṣe ju ká bi ọpọlọ náà fúnra rẹ̀ léèrè: ṣé o ní tíréè, àbí o ò ní?

Èmi ni mo kọ ìbéèrè náà. Síkíríìpù là ń pe irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà á máa kà á ní ìlà kan tẹ̀ lé ìlà kan, á sì máa ṣe é bó ṣe ń kà á. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé èdè síkíríìpù ò dé etí ọpọlọ. Àwọn òǹgbufọ̀ ló wà láàárín wọn, kálukú wọn ló sì ń fẹ́ jẹ́ ọ̀gá. Mo wá ọgbọ́n ta sí i. Mo fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè ọpọlọ gan-an sínú síkíríìpù náà, bí ẹni fi lẹ́tà sínú àpò ìránṣẹ́. Ìránṣẹ́ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá débẹ̀, ọpọlọ á kà á, á sì fèsì. Bí ọpọlọ bá ní òun ní tíréè, ètò wa á lo tíréè. Bó bá ní òun ò ní, á máa kó nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A dán an wò lọ́ọ́fíìsì. Ó dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá fèsì pé òun ní tíréè. Mo jó yí tábìlì ká.

Jẹ́jẹ́ wá ní òun fẹ́ tún un ṣe díẹ̀. Inú rẹ̀ ò dùn sí dídákẹ́ yẹn. "Kí ló dé tá ó máa da ọpọlọ láàmú lórí ọ̀rọ̀ kan náà?" Ló bá ṣe é pé lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, kí síkíríìpù fi ìdáhùn náà pamọ́ sí fáìlì kan, kó má baà béèrè mọ́. Ọmọlúwàbí ni Jẹ́jẹ́, kò fẹ́ yọ ẹ̀rọ pàápàá lẹ́nu. Mo ní ó káre.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a padà sí kíláàsì lẹ́yìn táwọn ọmọ ti lọ sílé. Mo tẹ síkíríìpù náà. Kíá, ó ní òun ní tíréè! Mo pàtẹ́wọ́. A ṣí ètò wa. Ó kú.

"Òpùrọ́!" Mo tún gbọ́wọ́ sókè, Jẹ́jẹ́ sì sáré dúró sáàárín èmi àti kọ̀ǹpútà. Mo tún tẹ síkíríìpù náà. Ó tún ní òun ní tíréè. Ètò tún kú. Mo ní kí ẹnì kan bá mi wá òòlù.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìka kan tábìlì, kó kó kó, bó ṣe máa ń kan án fún àwọn aláriwo. A yíjú sí i. Ó kọ ọ́ sí wàláà: "Ó yára jù."

"Kí ló yára jù, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó nù ún, ó tún kọ: "Ìdáhùn. Ẹ ní ó máa ń ronú lọ́ọ́fíìsì yín. Ọmọ tó bá dáhùn kí n tó béèrè tán, ìwé ẹlòmíràn ló wò."

Mo wo Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. Ẹ gbà mí! Fáìlì tó fi ìdáhùn pamọ́ sí, inú àpò kan náà pẹ̀lú ètò wa ló wà, a sì dì í mọ́ ẹrù wá sílé-ìwé. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ló ń dáhùn látìgbà tá a ti débẹ̀. A ò tíì bi èyí tó wà níwájú wa ní ohunkóhun. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀nà nílé tirẹ̀, tó wá ń fi ìdáhùn ibẹ̀ rìn nílé onílé, inú kòtò ni yóò bá ara rẹ̀.

"O ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu!" ni mo pariwo mọ́ Jẹ́jẹ́. "Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ fẹ́ pa wá!"

"Ìwọ lo ní mo káre," ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì ga rárá. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó pẹ́ tí mo ti rí i kó rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ pa fáìlì náà rẹ́, a sì béèrè tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá dáhùn: kò ní tíréè ńlá. Ó dáa, ká máa kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ." A dúró. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òpin kan dé òpin kejì kí gbohùngbohùn tó sọ "Ẹ."

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀. Ó ní bóyá ká bẹ ọ̀gá kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà míì. Ta ló fẹ́ rà á kó tó di Ọjọ́bọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ pé, "Kò burú. Ẹ ti ṣe é dé ibi tágbára yín mọ. Mo dúpẹ́." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Bó ṣe fara balẹ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ó sàn kó bú mi.

N ò dìde. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìbínú ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, kì í ṣe ọgbọ́n. Mo fẹ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà òfo yìí tiẹ̀ wúlò fún láyé. Mo pa ìlà tó ń béèrè nípa tíréè ńlá rẹ́, mo kọ òmíràn sípò rẹ̀: sọ gbogbo ohun tó o lè ṣe fún mi.

Ó dákẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Ìlà ń yọ lórí ìlà, orúkọ kúkúrú kúkúrú bí ìnagijẹ ọmọ ilé-ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ohun kan tí ọpọlọ náà lè ṣe. Mo ń kà á lọ, mo ń bú u lọ, títí ojú mi fi bà lé ọ̀kan láàárín wọn. Mo tún un kà. Mo figbe ta.

"Ó ní tíréè! Jẹ́jẹ́, ó ní tíréè! Tíréè kékeré!"

Jẹ́jẹ́ ju wáyà sílẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì rọra mi orí. Ká tó ṣe tíréè ńlá láyé ni wọ́n ti ń ṣe tíréè kékeré. Kò kó nǹkan tó ti ńlá, ṣùgbọ́n ó fi púpọ̀ sàn ju ká máa kó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. A ò fi ọkàn sí i rí, torí gbogbo ẹ̀rọ tí à ń lò ló ní ńlá.

"Ẹ wo ayé!" Mo ti dìde lórí àga. "Ohun tí kò ní là ń bi í látìgbà tá a ti dé! Ẹnì kankan ò bi í ní ohun tó ní! Ohun tí ilé-ìwé yìí ṣe sí ẹ̀gbọ́n mi náà nìyẹn! Ohùn tí kò ní mọ́ ni wọ́n rí, wọn ò rí ọpọlọ tó wà lórí rẹ̀, wọ́n lọ jù ú sáàárín àga!"

Bí mo ṣe yíjú, ọ̀gá ilé-ìwé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ilẹ̀ ò lanu, n ò sì wọlẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ó dọjọ́bọ̀," ó sì yí padà lọ.

Wọ́n ti ilé-ìwé pa lọ́jọ́rú nítorí àwọn akunlé tó ń kùn ún lọ́dà, a ò sì rí ibì kankan dán iṣẹ́ wa wò. Èmi àti Jẹ́jẹ́ jókòó sí ọ́fíìsì, à ń tún ètò náà kọ fún tíréè kékeré. Jẹ́jẹ́ ń yẹ ohun tí mo bá kọ wò, èmi náà ń yẹ tirẹ̀ wò, a ò sì gbójú fo àṣìṣe ara wa. Kò tiẹ̀ rántí tíì. Ẹ̀rọ tiwa jíṣẹ́ pé ó péye, ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀rọ tiwa mọ̀ nípa ti ilé-ìwé? A ti kọ́gbọ́n.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a bá ìgbìmọ̀ lórí ìjókòó lẹ́yìn kíláàsì. Tísà tuntun náà wà níbẹ̀, ó gbé ìwé sórí itan. Àwọn ọmọ jókòó létòlétò, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri. Mo fi ètò náà sínú kọ̀ǹpútà. Síkíríìpù béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì mú tíréè kékeré. Mo fi ìjókòó sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ó na ìka rẹ̀, ó tẹ ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó dún. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ wúkọ́.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ohùn rẹ̀ ni! Ó kún inú kíláàsì, ó sì gún régé. Ni ọmọbìnrin kan níwájú bá kígbe, "Tísà wa ni!" Kíláàsì dà rú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, àwọn kan ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kí wọ́n ṣe é díẹ̀, ó tún tẹ ọ̀rọ̀. "Ariwo yẹn tó. Ẹ ṣí ìwé yín." Ìwé ṣí wàrà.

Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìdá. Ó ń kọ ọ́ sójú pátákó, ó ń padà wá tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ń jáde kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wí, ó yin ẹni tó gbà á. Bàbá gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan nínú ìgbìmọ̀ wá dìde. "Tísà, ẹ má bínú o. Báwo la ṣe mọ̀ pé ẹ ò ti to gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ilé, tó kàn ń jáde?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó tẹ ọ̀rọ̀.

"Bàbá tó wọ ẹ̀wù búlúù, ẹ bọ́ síwájú. Ẹ wá bá wa ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta."

Ẹ̀rín pa àwọn ọmọ. Bàbá náà fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti wà lára rẹ̀. Ó rìn síwájú, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó fi òkè kún òkè, ó fi ìsàlẹ̀ kún ìsàlẹ̀, ó sì kọ ìdá méjì nínú márùn-ún.

"Ìyẹn kéré sí ìdajì tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bàbá. Báwo lẹ ṣe fi nǹkan kún un tó wá dín kù? Ẹ padà sí ìjókòó yín, ẹ lọ tún un rò."

Bí òrùlé ò bá lágbára, ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ì bá ká a lọ. Bàbá náà fúnra rẹ̀ di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Tísà tuntun pa ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ dé. Ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó rìn la àárín àwọn ọmọ kọjá títí tó fi dé iwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó na ọwọ́ sí i.

"Tísà," ló wí, "ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn àga tó kán."

Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọ́ nínú àpò, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, tòun ti kọ́kọ́rọ́ náà. "A ṣẹ̀ yín. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Mo fò sókè níbi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ké, mo dì mọ́ Jẹ́jẹ́, mo gbá a lábàrá lẹ́yìn, mo ń pariwo pé, "A ti borí! A ti borí o!" N ò mọ̀ pé àwọn ọmọ ti yíjú sí mi, n ò sì rí ẹ̀gbọ́n mi tó ti padà sídìí kọ̀ǹpútà.

"Àbúrò mi," ni ohùn náà wí láti ara ògiri, ó fà á gùn bó ṣe máa ń fà á tí inú bá ń bí i, "jókòó. O ń dí kíláàsì mi lọ́wọ́."

Mo jókòó.